Epo Ilé Ìtajà Ńlá àti Epo Olórúkọ: Ṣé Inú Ìkòkò Kan Náà Ni?

Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2007, àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú tó yí i ká ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, agbára ọkọ̀ ń dínkù lójú títì, iná ìkìlọ̀ sì ń tàn níwájú awakọ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ kékeré kan ló ń bàjẹ́ lára gbogbo wọn. Sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn ni wọ́n ń pè é, inú páìpù èéfín ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa sọ fún ẹ́ńjìnnì bóyá epo tó ń jó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, sẹ́nsọ̀ yìí di ọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Nígbà tí àwọn ènìyàn bi ara wọn léèrè ibi tí oníkálukú ti ra epo, ìdáhùn tó pọ̀ jù ni pé ilé epo àwọn ilé ìtajà ńlá ni, irú Tesco àti Morrisons, níbi tí epo ti máa ń fi kọ́bọ̀ díẹ̀ dínwó ju ti Shell, BP tàbí Esso lọ.

Àwọn ilé ìtajà náà yẹ epo wọn wò, wọ́n ní ó bá òdiwọ̀n mu. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Gbogbo ohun tí òdiwọ̀n ní kí wọ́n wò ni wọ́n wò, kò sì sí èyí tó lábùkù nínú wọn. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wá ohun tí òdiwọ̀n kò ní kí ẹnikẹ́ni wá ni wọ́n tó rí i: sílíkọ́ọ̀nù, ìwọ̀nba bíńtín, tó ti wọ inú epo. Bí epo bá jó tán, sílíkọ́ọ̀nù náà á di eérú funfun tó lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́nsọ̀, á sì fọ́ ọ lójú. Wọ́n tọ ipa epo náà padà dé ibùdó ìkópo-pamọ́ kan ní West Thurrock, létí odò Thames. Àwọn ilé ìtajà gbọ́n epo kúrò nínú àgbá abẹ́ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ṣèlérí láti san owó àtúnṣe fún àwọn oníbàárà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti gbà pé ẹjọ́ ti parí: epo tí kò wọ́n kò lè dára. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Peckham àti Woolwich náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn kò lè torí pẹ́nì mẹ́ta ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn epo wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò sí ilé epo rárá. Inú agolo gálọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n ti ń ta epo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agolo Pratt's sì wà lára èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Èdìdì wà lẹ́nu agolo, èdìdì yẹn gan-an ni oníbàárà ń sanwó fún, nítorí kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ epo tó mọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti po kẹrosíìnì mọ́. Ọdún 1919 ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tí wọ́n ń pè ní AA dá ilé epo kan sílẹ̀ ní Aldermaston, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, Sylvanus Bowser ti Fort Wayne ti ṣe ẹ̀rọ ìfapo sílẹ̀ láti 1885, kẹrosíìnì ni ó sì ṣe é fún, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò tí ì wọ́pọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ náà wá di ti epo ọkọ̀, àwọn oníṣòwò gbé ìgò ńlá kan lé e lórí, kí oníbàárà lè rí epo kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ìyá elépo pupa tó gbé ìgò sókè sí oòrùn níwájú oníbàárà yóò mọ ohun tí ìgò náà wà fún.

Àmọ́ àwọ̀ nìkan ni ìgò lè fi hàn. Ohun tó bo àlàfo yòókù ni orúkọ. Ìkarahun Shell àti ẹkùn tí Esso ní òun ń kì sínú àgbá ọkọ̀ jẹ́ ọ̀nà láti sọ fún ẹni tí kò mọ kẹ́míkà pé kó fọkàn balẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1950, àwọn iléeṣẹ́ epo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn onílé epo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé epo tiwọn nìkan ni wọn yóò máa tà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀rọ ìfapo oríṣiríṣi orúkọ lè tò sí ojúde ilé epo kan ṣoṣo, kí oníbàárà sì mú èyí tó wù ú. Àdéhùn yìí ló sọ ilé epo di ilé olórúkọ kan.

Ohun tó tún kọ́kọ́ jin orúkọ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ilé ìtajà ńlá. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, epo Jet ti wà níta ní owó pọ́ọ́kú. Lẹ́yìn náà, ní 1967, àjọ òdiwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò ìràwọ̀ kalẹ̀: oníràwọ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí agbára okitéènì epo bá ṣe tó. Ohun kékeré ló jọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni awakọ̀ ti lè béèrè oníràwọ̀ mẹ́rin láì dárúkọ iléeṣẹ́ kankan. Ẹ̀rí ti kúrò lọ́wọ́ olórúkọ nìkan, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.

Ojú ọ̀nà tí ó ti là sílẹ̀ yìí ni àwọn ilé ìtajà ńlá gbà wọlé. Ní 1974 ni Tesco àti Sainsbury's bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo. Kì í ṣe èrè orí epo ni wọ́n ń wá ní pàtàkì. Ẹni tó bá yà ra epo lè ra búrẹ́dì, mílíìkì àti ẹran ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú, ilẹ̀ sì ti wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ ti wà níbẹ̀, epo tó ń jáde lójúmọ́ sì pọ̀ débi pé èrè kékeré lórí lítà kan tó wọn. Ilé epo àdúgbò tí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ń bójú tó kò lè bá wọn du irú owó bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Esso fúnra rẹ̀ dìde, ó gbé ètò Pricewatch kalẹ̀ kí owó epo rẹ̀ má bàa ju ti àwọn ilé ìtajà tó wà nítòsí lọ. Nígbà tí òmìrán méjì ń jà, koríko abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ló kú: ilé epo tó tó 40,000 ní ìparí àwọn ọdún 1960 kò tó 9,000 mọ́ lónìí. Àwọn ilé ìtajà ńlá kò ní tó ìdá mẹ́rin nínú ilé epo tó kù, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń tà lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo epo ọkọ̀.

Níbo wá ni wọ́n ti ń rí epo náà? Ibi tí àwọn olórúkọ ti ń rí i ni. Iléeṣẹ́ ìfọpo kò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì máa fi epo ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn kí wọ́n má bàa máa fi tánkà gbé e la ilẹ̀ náà já. Epo tí iléeṣẹ́ kan fọ̀ a máa dà pọ̀ mọ́ ti òmíràn nínú ọ̀pá epo àti nínú àgbá ìkópo-pamọ́. Ìlànà kan náà, EN 228, ló de gbogbo wọn. Nígbà tí ìjọba ní kí epo bẹntiróòlù gbogbogbòò máa ní ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kẹsàn-án 2021, olórúkọ àti ilé ìtajà ló jọ yí padà. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀.

Iyọ̀ àti ata ìparí ni wọ́n fi ń yàtọ̀. Nígbà tí tánkà bá ń gba epo ní ibùdó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da èròjà àfikún oníkálukú sí i: èyí tó ń fọ èérí kúrò lẹ́nu fáàfù, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èròjà yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti kàn án nípá láti 1995 pé epo gbọ́dọ̀ ní èròjà afọdọ̀tí díẹ̀, BMW, General Motors, Honda àti Toyota rí i pé díẹ̀ náà kò tó. Ní 2004 wọ́n gbé òdiwọ̀n tó ga jù ú lọ kalẹ̀, wọ́n pè é ní Top Tier. Ẹgbẹ́ awakọ̀ AAA dán epo wò ní 2016, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ìrìn máìlì 4,000, èérí tí epo tí kò bá Top Tier mu fi sílẹ̀ lẹ́nu fáàfù fi ìlọ́po mọ́kàndínlógún ju ti èyí tó bá a mu lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé olórúkọ ti jàre. Ṣùgbọ́n Costco, ilé ìtajà ńlá tí àwọn ènìyàn ń tò sí nítorí epo rẹ̀ tí kò wọ́n, wà lára àwọn tó ní Top Tier. Kì í ṣe owó ló pín epo sí méjì níbẹ̀, bí kò ṣe ohun tí ẹni tó ń tà á gbà láti fi sí i. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé kan, wọ́n tilẹ̀ ti ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, kì í kan fáàfù àtẹ̀wọlé mọ́, nítorí náà kò sí bí èròjà tó wà nínú rẹ̀ ṣe lè fọ̀ ọ́.

Èròjà àfikún lè di àrùn pẹ̀lú, èyí sì ni apá ìtàn tí àwọn tó fẹ́ràn orúkọ kì í rántí. Ní 1986, Shell gbé Formula Shell jáde, epo olórúkọ tí èròjà tuntun inú rẹ̀ wà láti mú kí iná ẹ́ńjìnnì ràn dáadáa. Fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nínú àwọn irú ẹ́ńjìnnì kan, Shell sì ní láti yọ èròjà náà kúrò láàárín ọdún díẹ̀. Ẹni tó sanwó jù nítorí orúkọ lọ́dún náà, orúkọ náà ló ṣe é. Kí a tó wá sọ ti òjé. Láti 1923 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ta epo olójé ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn orúkọ tó gbayì jù lágbàáyé ló tà á. Àwọn òṣìṣẹ́ kú níbi tí wọ́n ti ń po ó ní New Jersey ní 1924, síbẹ̀ wọ́n ń tà á nìṣó. Ìparí 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin lé e kúrò nílé epo gbogbogbòò. Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006.

Nàìjíríà kan náà ló tún fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ létí odò Thames kì í ṣe àrùn ilé ìtajà ńlá. Ilé ìtajà kì í ta epo níbẹ̀. Àríyànjiyàn tó wà láàárín àwọn awakọ̀ Èkó àti Ìbàdàn jẹ́ ti ilé epo ńlá olórúkọ àti ti oníṣòwò àdáni, ẹni tó ń bẹ̀rù jù sì ni ẹni tó ti yí ẹ̀rọ ìfapo kí lítà má bàa pé. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2022, epo tí mẹtánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú láti èbúté Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìlà sì gùn ní ilé epo jákèjádò ilẹ̀ náà. Àlàyé tí Mele Kyari, ọ̀gá NNPC nígbà náà, ṣe fara pẹ́ ti 2007: àwọn tó yẹ epo náà wò ní èbúté tó ti gbéra àti ní èbúté tó dé sí gbà pé ó dára, nítorí pé mẹtánọ́ọ̀lù kò sí lára ohun tí òdiwọ̀n Nàìjíríà ní kí wọ́n wò. Lára àwọn tó kó o wọlé ni iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ tàn yòò lójú títì.

Fún ọkọ̀ lásán tí ìwé rẹ̀ kò béèrè okitéènì gíga, nígbà náà, epo ilé ìtajà ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àbùkù tí epo olórúkọ kò lè ní. Èròjà afọdọ̀tí tó pọ̀ sí i lè ṣe é lóore tí ó bá pẹ́, kò sì burú kí ẹni tó lówó rẹ̀ máa rà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó ń yẹra fún Tesco nítorí 2007 gbàgbé pé ìdọ̀tí náà kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé epo. Inú àgbá tó wà ṣáájú ilé epo ló ti wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà ni owó fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje 2023, àjọ tó ń mójú tó ìdíje láàárín àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó rí i pé láti 2019 sí 2022, èrè tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń jẹ lórí lítà kan fi pẹ́nì mẹ́fà pọ̀ sí i, nítorí pé ìjà owó tí wọ́n ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ ti rọlẹ̀. Asda, tí ó máa ń kọ́kọ́ dínwó kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e, kò fi bẹ́ẹ̀ dínwó mọ́. Ní ọdún 2022 nìkan, nǹkan bí 900 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni àjọ náà ṣírò pé ó jáde lápò àwọn tó gbà pé epo pọ́ọ́kú ni àwọn ń rà.