Ike Tó Ń Gbé Iná: Ìtàn Ẹ̀rọ Atọpinpin Kẹ́míkà àti Iṣẹ́ Ọmọwùnmí Sadik

Pọ́límà ni orúkọ àpapọ̀ fún èròjà tí àwọn ẹyọ wínníwínní so kọ́ra di okùn gígùn: rọ́bà, ike, ọ̀rá àti náílọ́nù wà lára wọn. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé iná mànàmáná kì í gba ara wọn kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi rọ́bà bo wáyà, kí iná má baà gbé ènìyàn.

Ẹ̀rí ti wà tipẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ní 1862, Henry Letheby fi iná mànàmáná yọ èròjà tí a wá mọ̀ sí polyaniline ní London. Ní 1963, Donald Weiss àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà kọ̀wé pé polypyrrole tí wọ́n po áyódìn mọ́ ń gbé iná. Díẹ̀ ló kà á sí nígbà náà. Àṣìṣe kan ló yí ọ̀rọ̀ padà ní ilé ìwádìí Hideki Shirakawa ní Japan lọ́dún 1967: èròjà tó ń mú kẹ́míkà yára ṣiṣẹ́, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún iye tó yẹ ni wọ́n dà sí i. Fílíìmù pọ́límà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ fàdákà ló yọ sí wọn lójú. Alan MacDiarmid pe Shirakawa wá sí Yunifásítì Pennsylvania. Àwọn méjèèjì àti Alan Heeger fi áyódìn sí fílíìmù náà, ó sì ń gbé iná ní nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1977. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 2000.

Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi rí i pé bí kẹ́míkà kan bá kan irú ike bẹ́ẹ̀, bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ máa ń yí padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi polypyrrole ṣọ́ ammonia inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ike náà kì í mọ ìyàtọ̀: ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ló lè mú un yí padà.

Ibí yìí ni Ọmọwùnmí Sadik ti wọ ọ̀rọ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1964. Ó ka kẹ́mísírì ní Yunifásítì Èkó, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wollongong, Ọsirélíà, ní 1994, lábẹ́ Gordon Wallace. Kí ike náà lè mọ ìyàtọ̀, áńtíbọ́dì ni òun àti Wallace fi sínú rẹ̀, ìyẹn pròtéènì tí ara ń pèsè láti gbá àjèjì ohun kan pàtó mú. Wọ́n á po pyrrole àti áńtíbọ́dì mọ́ omi, wọ́n á ki irin platinum bọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fi iná sí i. Bí ike dúdú náà ṣe ń bo ara irin ni áńtíbọ́dì ń há sínú rẹ̀.

Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi dán an wò, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Analyst ní 1994, kò ṣàjèjì sí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré ní Èkìtì. Thaumatin ni, adùn inú èso ewé eéran, ewé fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ. Abẹ́ igi ńlá ló ti ń hù. Èso rẹ̀ kì í wà lókè. Nídìí ló ń so sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ní igun mẹ́ta, ó sì máa ń pọ́n fòò. Bí a bá là á, ohun rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ kóró dúdú inú rẹ̀ ló ní adùn náà. W. F. Daniell, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855. Ní 1972 ni àwọn onímọ̀ ní Netherlands ya thaumatin sọ́tọ̀. Bí a bá wọn òun àti ṣúgà dọ́gba, adùn rẹ̀ tó ìlọ́po 2,000 ti ṣúgà, ó kéré tán. Ó ṣeni láàánú pé ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ ń já lọ sọ́jà, tí èso ń jẹrà sínú igbó.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí áńtíbọ́dì bá ti gbá ohun tó ń wá mú, kì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, irinṣẹ́ náà a sì di ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Sadik àti Wallace wá ń yí agbára iná náà sókè sódò wàràwàrà, tí thaumatin ń lẹ̀ tó sì ń tú, débi pé irin kan náà ṣeé lò léraléra. Èyí ló jọjú jù nínú iṣẹ́ náà.

Ní 1996, Sadik di olùkọ́ ní Yunifásítì Binghamton, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní 1998, iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìtọpinpin PCB jáde, kẹ́míkà olóró inú òróró tiransifọ́mà àtijọ́.  Sadik ṣiṣẹ́ lórí títọpinpin oògùn olóró àti àdó olóró pẹ̀lú. Ní 2012, òun àti Barbara Karn dá ẹgbẹ́ Sustainable Nanotechnology Organization sílẹ̀. Nàìjíríà fi oyè National Order of Merit dá a lọ́lá ní 2016, ó sì kọjá sí New Jersey Institute of Technology ní 2019.