Láti Kẹ̀kẹ́ Màlúù Dé Ọkọ̀ Ojú Irin: Bí Ọ̀nà Taj Mahal Ṣe Dòní

Ọ̀nà Agra ti lókìkí kí rélùwéè tó dé ilẹ̀ Íńdíà. Ìlú Agra làwọn ọba Mughal, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ gàba lórí ìhà àríwá ilẹ̀ náà, fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ náà ni Ọba Akbar ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi òkúta pupa ràgàjì ní ọdún 1565. Láti Delhi dé Agra tó nǹkan bíi 200 kìlómítà. Wọ́n mọ òpó gogoro sí ẹ̀bá ọ̀nà, nǹkan bíi kìlómítà 3 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, kí èrò lè mọ ibi tí ìrìn kù sí. Díẹ̀ nínú àwọn òpó náà ṣì dúró títí dòní. Ẹni tó lówó a gun ẹṣin tàbí erin, oníṣòwò a di ẹrù lé kẹ̀kẹ́ màlúù, mẹ̀kúnnù a fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọjọ́ bíi mélòó kan ni gbogbo wọn ń lò lọ́nà.

Ní ọdún 1631, Mumtaz Mahal, olorì tí Ọba Shah Jahan fẹ́ràn jù, kú sórí ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ kẹrìnlá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibojì rẹ̀, Taj Mahal, ní bèbè odò Yamuna ní Agra. Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó tó 20,000 ló ṣe é, Makrana ní ilẹ̀ Rajasthan ni wọ́n sì ti wọ́ òkúta mábù funfun wá. Ilé ibojì náà parí ní nǹkan bí ọdún 1648, gbogbo àgbàlá rẹ̀ sì parí ní 1653. Ẹni tó bá sún mọ́ ògiri rẹ̀ yóò rí i pé kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi ya òdòdó tó wà lára rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n gbẹ́ ojú mábù náà, tí wọ́n gé òkúta aláràbarà wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n bọ ojú ibi tí wọ́n gbẹ́, títí ewé àti ìtànná fi yọ. Ọ̀rọ̀ Kùránì tó yí ẹnu ọ̀nà ká ń tóbi sí i bó ṣe ń gòkè, kí gbogbo rẹ̀ lè rí bákan náà lójú ẹni tó dúró nísàlẹ̀. Ní 1658, Aurangzeb gba ìjọba mọ́ Shah Jahan, bàbá rẹ̀, lọ́wọ́, ó sì há a mọ́ inú odi Agra. Ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú ní 1666, wọ́n sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀.

Igba ọdún lẹ́yìn tí iṣẹ́ Taj Mahal parí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1853, ọkọ̀ ojú irin elérò àkọ́kọ́ ní Íńdíà gbéra láti Bori Bunder ní Bombay, ó forí lé Thane. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló fà á, nǹkan bí 400 èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ìrìn náà sì jẹ́ kìlómítà 34.

Kì í ṣe kí ọmọ Íńdíà lè lọ wo Taj Mahal làwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn ṣe la ọ̀nà irin. Dalhousie, gómìnà àgbà wọn, sọ ọ́ kedere lọ́dún náà: ọmọ ogun yóò tètè dé ibi tí ìjà bá wà, òwú yóò dé etíkun, ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò sì wọ ìgbèríko. Ìjọba ṣèlérí èlé 5 nínú 100 lọ́dọọdún fáwọn tó dáwó lé e ní London, ìbáà jèrè, ìbáà má jèrè. Owó orí àwọn ọmọ Íńdíà ni wọ́n fi dí ohun tó bá kù. Lórí òkè Bhor Ghat, tí ọ̀nà irin gbà kọjá ní 1863, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló bá iṣẹ́ náà lọ.

Bí ọ̀nà irin ṣe dé Agra, ó ba nǹkan jẹ́. Ọjà onígun mẹ́jọ kan ti wà láàárín mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ ìlú náà àti ẹnu odi Akbar láti ayé àwọn Mughal. Wọ́n wó o kí wọ́n tó kọ́ ibùdókọ̀ Agra Fort. Síbẹ̀, ìrìn ọlọ́jọ́ gbọọrọ di ìrìn wákàtí, ẹni tí kò lẹ́ṣin sì rí ọ̀nà lọ.

Inú ìyà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń lọ. Nígbà tí Gandhi, tó wá di aṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, padà wálé ní 1915, ọkọ̀ ìpele kẹta tí àwọn tálákà ń wọ̀ lòun náà ń wọ̀. Ní 1917 ó tẹ ìwé jáde nípa èérí àti ìfúnpọ̀ tó rí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí Íńdíà àti Pakistan ní 1947, ọkọ̀ ojú irin kan náà ló kó àwọn tó ń sá àsálà, àwọn ọkọ̀ mìíràn sì gúnlẹ̀ pẹ̀lú òkú.

Lẹ́yìn òmìnira ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1950, Íńdíà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ní Chittaranjan. Ní 1955, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ elérò bẹ̀rẹ̀ ní Perambur. Ní 1964, Taj Express bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Delhi lọ sí Agra láàárọ̀, tó sì ń gbé wọn padà lálẹ́. Shatabdi, tó yá jù ú lọ, dé ní 1988. Ní 2016, Gatimaan dé, ó lè sáré tó 160 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì fi 100 ìṣẹ́jú parí ìrìn kìlómítà 188. Ẹni tí kò kánjú ṣì lè wọ ọkọ̀ tó ń dúró káàkiri, kó fi ife amọ̀ mu tíì gbígbóná lẹ́nu fèrèsé, kó sì ra petha, àdídùn Agra tí wọ́n ń fi irú elégédé kan sè nínú ṣúgà.

Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Èéfín wà lára ohun tó ń sọ mábù Taj Mahal di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ sì dárúkọ ẹ́ńjìnnì eléèédú ní ibùdókọ̀ Agra mọ́ ohun tó ń fà á ní 1978. Ní 1996, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lo èédú nítòsí ibẹ̀ yí sí gáàsì tàbí kí wọ́n kó lọ. Iná mànàmáná ló ń fa ọkọ̀ Delhi sí Agra báyìí.

Ìtàn yìí kan àwa ọmọ Nàìjíríà náà. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló la ọ̀nà irin Èkó dé Ìbàdàn, tó ṣí ní 1901. Láti 1979 sí 1982, RITES, ilé iṣẹ́ ìjọba Íńdíà, ni Nàìjíríà gbé àbójútó rélùwéè rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ohun tí àwọn ọmọ Íńdíà jogún lọ́wọ́ amúnisìn kò sàn ju tiwa lọ. Ohun tó gbé wọn ga ni pé wọ́n kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Kí àwọn tó ń ná owó wa lé e lórí kọ́ ọmọ wa ní bí a ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì, nítorí ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ títí láé, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ni ìrìn rẹ̀ wà.