Kí Epo Rọ̀bì Tó Dé

Ọjọ́ ti pẹ́ tí irin ti ń mu epo igi. Àwọn tó ń sọ ọ́ bí ìmọ̀ tuntun pé epo ewéko lè rọ́pò ọ́ìlì inú ẹ̀rọ ti gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1859 ni Edwin Drake tó kan epo rọ̀bì nínú kànga tó gbẹ́ sí Titusville, ní Pennsylvania; bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1830 ni ọkọ̀ ojú irin ti ń ná Liverpool sí Manchester. Kí ló ń mú irin wọn yọ̀? Ọ̀rá màlúù ni, àti epo pupa. Òfin 1807 ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún ará Ìlú Ọba; àwọn oníṣòwò Liverpool tó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó àgbá epo, epo tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa àti ti ẹnu odò Ọya fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ fún. Ní Ìlú Ọba, àwọn onírélùwéè á sè é pọ̀ mọ́ ọ̀rá, sódà àti omi títí yóò fi di gírísì. Ẹni tó bá ní epo pupa a máa dì nínú òtútù kò purọ́, ṣùgbọ́n dídì yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Inú àpótí tó wà lókè ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń bá yí ni wọ́n ń kó gírísì náà sí. Bí ọkọ̀ bá dúró, gírísì á dúró. Bí ọkọ̀ bá sáré tí irin gbóná, á yọ́, á sì máa kán sí ojú ibi tó ń ha ara.

Kí ló wá lé epo igi kúrò nídìí iṣẹ́? Epo rọ̀bì pọ̀, owó rẹ̀ sì rọjú. Òótọ́ tún ni pé epo igi a máa kan bó bá pẹ́, àti pé ooru omi inú ẹ̀rọ a máa sọ ọ́ di ásíìdì tó ń jẹ irin. Síbẹ̀, nígbà tí ooru omi ń wa ọkọ̀ òkun, àwọn tó ń po ọ́ìlì fún ẹ̀rọ wọn ṣì ń bu epo ewéko mọ́ epo rọ̀bì, nítorí pé omi a máa fọ epo rọ̀bì nìkan dànù, ṣùgbọ́n epo ewéko a máa lẹ̀ mọ́ irin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, epo lárà ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bàálù ń lò, torí pé bẹntiróò kò lè tú u. Láti ara orúkọ lárà lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́ìlì Castrol ti mú orúkọ tirẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a má fi oúnjẹ fún irin. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, àmọ́ a kì í fi epo lárà se ọbẹ̀. N kò ní kí gbogbo ẹ́ńjìnì padà sí epo igi. Ṣùgbọ́n ayùn ẹlẹ́ńjìnì tí wọ́n fi ń gé gẹdú ń tu ọ́ìlì sílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ ló sì ń mu ún. Epo ewéko a máa jẹrà níbẹ̀. Epo rọ̀bì á pẹ́ kó tó lọ. Níbi tí ọ́ìlì bá ti ń dà sínú igbó tàbí odò, epo igi ló yẹ kó wà níbẹ̀.