Táyà Ẹ̀yìn Tó Fẹ̀: Ìtàn Rọ́bà àti Alùpùpù ní Port Harcourt

Port Harcourt ti fìgbà kan jẹ́ ìlú tó ń ṣe táyà fúnra rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ń gun alùpùpù ńlá níbẹ̀, irú èyí tí ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ tí ẹni tó gùn ún sì ń na ẹsẹ̀ síwájú, tó wá fẹ́ pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn sí èyí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ọjà tó ti òkè òkun wá ni yóò tọ̀ lọ.

Èédú ló mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìlú náà dó ní 1912 sí 1913, lórí ilẹ̀ àwọn ará Diobu. Wọ́n ti rí èédú ní Udi lẹ́bàá Enugu ní 1909, wọ́n sì ń wá èbúté tí wọn yóò máa gbé e gbà. Ní 1916, ojú irin ti so èbúté náà mọ́ Enugu. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ìjọba ti ń la Trans-Amadi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni Michelin ti ilẹ̀ Faransé kọ́ ilé iṣẹ́ táyà sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Dunlop ti Gẹ̀ẹ́sì gba Ìkẹjà lọ ní tirẹ̀.

Iṣẹ́ táyà kì í ṣe ohun kékeré. Wàrà funfun tó ń ro láti ara igi rọ́bà kò lè dá gbé ọkọ̀: bí oòrùn bá mú un, á rọ̀, bí òtútù bá mú un, á le. Charles Goodyear ló ṣàwárí ní Amẹ́ríkà ní 1839 pé bí a bá po rọ́bà mọ́ súfúrù tí a sì fi iná sè é, yóò le, síbẹ̀ yóò máa nà. Ní Belfast ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ará Michelin gbé táyà tó ṣeé yọ kúrò lára ríìmù jáde, ohun tí gbogbo fọ́káníṣà ń jẹun lórí rẹ̀ títí dòní. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló fìdí kalẹ̀ sí Trans-Amadi, ó sì súnmọ́ igbó rọ́bà Edo àti Delta.

Ogun abẹ́lé kò jẹ́ kó pẹ́ kí Port Harcourt tó rí ìpọ́njú. Ní oṣù Karùn-ún 1968, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Benjamin Adekunle, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gba ìlú náà. Lẹ́yìn ogun, owó epo rọ̀bì sọ Port Harcourt di ìlú ńlá.

Alùpùpù wá di ohun àmúṣọrọ̀ fún mẹ̀kúnnù lẹ́yìn 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé já náírà walẹ̀ tí ọkọ̀ sì wọ́n ju agbára ènìyàn lọ. Ọ̀kadà kún ìgboro. Lórí irú Bajaj Boxer, táyà iwájú jẹ́ 2.75-17, ti ẹ̀yìn jẹ́ 3.00-17, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù àti èrò ń jókòó lé. Ẹni tó ń gbé èrò méjì àti àpò gaàrí kan kò nílò ìwé kó tó mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń jẹ tán.

Ní 2007, Michelin ti ilé iṣẹ́ Port Harcourt pa. Iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń jẹ owó. Ohun tó tún dá kún un ni pé ìjọba dín owó ibodè lórí táyà tó ń wọlé kù láti ìdá 40 nínú 100 sí ìdá 10. Dunlop náà dá iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Ìpinnu burúkú gbáà ni ìjọba ṣe lórí owó ibodè yẹn: orílẹ̀-èdè tó ní rọ́bà, tó ní òṣìṣẹ́, tó sì ní ọkọ̀ tó ń jẹ táyà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ iṣẹ́ náà sọnù. Ní 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ lábẹ́ Rotimi Amaechi lé ọ̀kadà kúrò nígboro Port Harcourt.

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun alùpùpù ńlá ṣì wà, ọ̀rọ̀ táyà tó fẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kan dáadáa. 130/90-16 túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ ní mìlímítà 130, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 90 nínú 100 ìbú yẹn, ìyẹn 117, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 16. Bí a bá mú 150/80-16 wá, gíga ẹ̀gbẹ́ yóò di 120. Ó fẹ̀ sí i, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ga jù ú lọ, ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ fi máa ń yàn án. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìwọ̀n yìí lára táyà, tó ń sọ ẹrù tó lè gbé, tún ṣe pàtàkì: táyà tó ní 73 lè gbé kìlógírámù 365, èyí tó ní 77 lè gbé 412.

Ṣùgbọ́n ríìmù ló ni ọ̀rọ̀. Bí ríìmù bá tín-ín-rín, yóò fún etí táyà pọ̀, àárín rẹ̀ yóò wú bí òkìtì, ibi tó ń tẹ ilẹ̀ yóò sì kéré ju bí ojú ṣe rí i lọ. Fọ́káníṣà tó mọṣẹ́ yóò tún ti ìka bọ àárín táyà àti ṣéènì, àárín táyà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó gbé e dúró. Bí àyè kò bá sí, bí alùpùpù bá wọ kòtò, rọ́bà yóò máa ha irin. Táyà tó fẹ̀ jù tún máa ń mú kí ó ṣòro láti tẹ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́ọ̀nà. Fún táyà tókunbọ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: 2307 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2007. Táyà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè dán lójú, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan.

Wọ́n ṣì ń kọ igi rọ́bà ní Araromi-Obu ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, oko tí Michelin ní nígbà kan. Rọ́bà ibẹ̀ ń lọ sókè òkun, nígbà tí táyà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi sẹ́yìn alùpùpù ní Port Harcourt ń ti òkè òkun bọ̀.