Ọjọ́ tí a tún orin tò ní Ẹgbẹ́dá

Aago méje àárọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la yàn, torí òde kì í sábà sí lọ́jọ́ náà. Iná wà, a dúpẹ́. Ọwọ́ ti ń yún ọmọ iṣẹ́ mi láti pa fáìlì rẹ́, mo ní kó fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀dà ló kọ́kọ́ kàn. A da gbogbo orin kọ sórí háàdì dráìfù méjì, pẹ̀lú fódà tí Serato, ètò tí mo fi ń lu orin lóde, ń tọ́jú àwọn kréètì, ìyẹn àkójọ orin, sí. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ mi, èkejì á lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgàndó. Ẹni tó bá ní gbogbo orin rẹ̀ sójú kan ṣoṣo kò tíì ní in.

Aago mẹ́sàn-án. Ìdí orúkọ la ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì nira jù. A tẹ “Ayinla” síbi ìwárí, Àyìnlá Ọmọwúrà àti Kollington Àyìnlá jáde pọ̀, àpàlà dà pọ̀ mọ́ fújì. Ti “Ayinde” tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síkírù Àyìndé Barrister ló ni Fuji Garbage ti ọdún 1988. Ṣùgbọ́n Wàsíù Àyìndé, tí a ń pè ní K1 lónìí, náà ń jẹ́ Barrister nígbà tó gbé Talazo ’84 jáde, kó tó di Marshall. Ọmọ iṣẹ́ mi kò tíì dáyé nígbà náà. Ó rò pé ẹnì kan náà ni wọ́n, kọ̀ǹpútà sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìwé ìdánimọ̀ inú fáìlì pàápàá ṣe wá níkà. Nígbà tí Eric Kemp gbé ID3 kalẹ̀ ní 1996, lẹ́tà 30 péré ló wà fún orúkọ olórin. Ẹ kọ “Alhaji Chief Dr Sikiru Ayinde Barrister” síbẹ̀: Barrister gan-an ló máa já dànù. Àwọn fáìlì tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ṣì gbé irú orúkọ gígé bẹ́ẹ̀ dání. Ó ń dùn mí. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọrin, oyè rẹ̀ kù, orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò kù.

A fẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo: orúkọ láìsí oyè, láìsí àmì ohùn, nítorí kò sẹ́ni tó ń wá àmì lórí kíbọ́ọ̀dù láago méjì òru. Orúkọ tó pé, pẹ̀lú àmì àti oyè, a kọ ọ́ síbi àlàyé.

Ọ̀sán gangan. Mp3tag la fi nu orúkọ àwọn ìkànnì tó jókòó síbi tó yẹ kí olórin wà. Iṣẹ́ yẹn yá.

“Ọ̀gá, méjì ni orin yìí. Ṣé kí n pa ọ̀kan rẹ́?”

“Gbọ́ méjèèjì ná.”

A ṣí wọn nínú Spek, tó ń ya àwòrán ohùn. Èyí tó ń pe ara rẹ̀ ní 320 kbps gé kúrú ní nǹkan bí 16 kHz, bí ojúlówó 128 ṣe máa ń ṣe: ẹnì kan ló sọ ọ́ di ńlá lẹ́yìn tó ti rù. Lórí spíkà kékeré, kò hàn. Lórí spíkà òde, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń rọ́ bébà. Òun la pa rẹ́.

Aago mẹ́ta. Ojú àwo jùjú tàbí fújì àtijọ́ kan lè tó ìṣẹ́jú 20 láìdúró, orin mẹ́ta mẹ́rin nínú ẹyọ kan. Serato fàyè gba àmì mẹ́jọ tí a lè fò lọ bá lórí orin kan, a sì lo gbogbo rẹ̀: ibi tí gángan ti wọlé, ibi tí wọ́n ti ń ki ìyá, ibi tí wọ́n ti ń dárò olóògbé. Àmì tó kẹ́yìn yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù. Ẹni tó bá fi ìdárò gbé ìyàwó wọlé ti ba ọjọ́ olọ́jọ́ jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn kréètì mi fi ń jẹ́ “Ìyàwó ń wọlé”, “Òkú àgbà”, “Ìsọmọlórúkọ”. Ẹ̀yà orin nìkan kò tó tọ́ka ọ̀nà fún ẹni tó ń lu orin níwájú àwọn àgbà.

Aago méje alẹ́. Iná lọ, ìnfátà gbà á. A ní kí Serato tún àwọn ìdánimọ̀ kà, kó sì wá àwọn fáìlì tó ti ṣípò.

Aago mẹ́wàá. Àwọn tí a gbà láti orí kásẹ́ẹ̀tì ló kù, láìlórúkọ. Picard, tó máa ń tẹ́tí sí orin kó tó dárúkọ rẹ̀, kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. A kó wọn sí kréètì kan, a pè é ní “Ẹ bá wa mọ̀ ọ́n”. Lọ́jọ́bọ̀, a ó gbé e lọ bá bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí kásẹ́ẹ̀tì ní Ìkòtún, ká jọ gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ iṣẹ́ mi máa kọ ohun tí bàbá bá sọ sílẹ̀.