Ọjà Tú Láìdágbére: "The Village Headmaster" Ní Ìhà Ìhín Ẹnubodè

Ní ọdún 1988, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tí ó ti ń lọ láti ọdún 1968 kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. "The Village Headmaster" ni orúkọ rẹ̀. Ní èdè wa, a lè pè é ní Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ Abúlé. Àwọn tí ó ti kọ nípa rẹ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn kò kéré. Ohun tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni ìtàn àwọn òǹwòran kan tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ òǹwòran: àwa tí a ń gbé ní Àjàṣẹ́, ní Sákété àti ní àwọn ìletò ẹ̀bá ẹnubodè, tí a kì í san owó orí fún ìjọba tí ó ń gbé eré náà jáde, tí a kò sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣe é yanjú.

Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ bí ó ti ṣẹlẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Èkó ni a ń wò. Ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Tógò kò ní tirẹ̀ títí di ọdún 1973. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó di ìparí ọdún 1978. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní tẹlifíṣọ̀n ní Àjàṣẹ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìlà oòrùn ni ó ń kọ ojú àǹtẹ́nà rẹ̀ sí. Orí ọparun gígùn ni a ń so ó mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá yí i, ọmọdé kan yóò jáde lọ di ọparun náà mú, àwọn àgbà yóò sì máa ké láti inú yàrá pé kí ó yí i díẹ̀ sí i, kí ó dá a padà, kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá di àǹtẹ́nà mú kì í rí eré wò. Díẹ̀ nínú àwa tí a jọ kọ ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá eré náà sílẹ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Ọjà ni ó pe abúlé inú eré rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ni Ọjà wà, Ọlọ́jà sì ni oyè ọba ibẹ̀, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀yà Nàìjíríà ni ó ń gbé inú abúlé náà. Dẹ́jùmọ̀ Lewis ni Kábíyèsí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹyọ ẹnì kan: Ted Mukoro ṣe é, Fẹ́mi Robinson ṣe é, Justus Esiri náà ṣe é. Jab Adu ni Bassey Okon. Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Eleyinmi, tí ìgbéraga rẹ̀ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Ibidun Allison sì ni Amẹ́bọ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí nínú. Títí di òní, olófòófó ni wọ́n ń pè ní amẹ́bọ̀ ní Nàìjíríà, ẹnu àwọn tí a bí lẹ́yìn tí eré náà ti parí sì ni a ti ń gbọ́ ọ jù.

Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, Faransé sì ni àwa ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Nínú agbolé kọ̀ọ̀kan, a máa ń rí bàbá kan tí ó ti ṣòwò dé Èkó rí. Òun ni ó ń túmọ̀. A fura pé ó máa ń bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ìjòyè ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí obìnrin kúnlẹ̀, tí ọba dákẹ́ tí gbogbo ààfin sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó nílò ògbufọ̀. Ohun tí ó mú wa jùlọ ni ohun tí ó wà láàárín ààfin àti ilé-ẹ̀kọ́ ní abúlé náà. Àwa náà ní ọba, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín. A sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí èdè rẹ̀ kì í ṣe èdè ọba. Àwọn àgbà wa mọ àmì tí wọ́n máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n bá rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dúró níwájú ọba, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ọ̀wọ̀ hàn síbẹ̀ tí kò gbà pẹ̀lú ọba, wọn a dákẹ́. Irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní ìhà tiwa.

Ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tí ó la ilẹ̀ wa sí méjì. Kétu bọ́ sí apá ìhín, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ Alákétu kan náà ni wọ́n jọ ní. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó sì di ọdún 1986 kí ó tó ṣí i. Ní gbogbo àkókò náà, kò rọrùn fún ìyá tí ó wà ní Àjàṣẹ́ láti lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Àwòrán láti Èkó kò béèrè ìwé lọ́wọ́ aṣọ́bodè. Ó ń wọlé. A kò sọ pé eré kan rọ́pò ẹbí. A kàn ń sọ pé ohùn àwọn ará ọ̀hún kò gé kúrò ní etí wa.

Lẹ́yìn náà ni ó dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a rò pé iná ni. Èkejì kọjá, a tún àǹtẹ́nà yí. Ọ̀rọ̀ ajé Nàìjíríà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà: láti ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti bẹ̀rẹ̀, tí náírà ń já wálẹ̀. Olúṣọlá fúnra rẹ̀ ti di aṣojú Nàìjíríà ní Etiópíà. Ogún ọdún kì í sì í ṣe kékeré fún eré kankan. Gbogbo èyí ni a mọ̀ lónìí. A kò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn òǹwòran gbọ́ ní ọdún 1967 sí 1968 pé iléeṣẹ́ NBC fẹ́ dá "Star Trek" dúró, wọ́n kọ lẹ́tà ní ọ̀kẹ́ àìmọye, iléeṣẹ́ náà sì kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé eré náà yóò máa lọ. Ọdún kan péré ni ó tún fi lò, nítorí ní 1969 wọ́n dá a dúró síbẹ̀síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò kọ̀wé sí. Ta ni àwa ìbá kọ̀wé sí? Èdè wo ni a ó fi kọ ọ́? Ẹni tí ń wo ẹran ọ̀sìn lórí pápá aládùúgbò kò lè bi í léèrè ìdí tí ó fi tà á.

Ìtìjú náà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1988 àti 1989, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde déédéé ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn báńkì dẹnu kọlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ta ni yóò jókòó láàárín àwọn tí ebi ń pa kí ó máa sọ pé eré tẹlifíṣọ̀n ni ó ń dun òun? A gbé e mì. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí àkọsílẹ̀ kankan nípa rẹ̀ ní ìhà wa.

Fúnṣọ́ Adéolú, ìjòyè inú eré, di ọba gidi lẹ́yìn náà: ó jẹ Aláyé ti Òde-Rẹ́mọ. Olúṣọlá wàjà ní ọdún 2012, Esiri tẹ̀ lé e ní 2013. Ní ọdún 2021, wọ́n gbé eré náà padà pẹ̀lú àwọn òṣèré tuntun. Àwọn ọmọ wa fi fóònù wá a fún wa, a jókòó yí ká, a wò ó. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, kò sì sí ẹni tí ó di àǹtẹ́nà mú. Ìyá àgbà kan láàárín wa wò ó títí, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó ni fóònù pé níbo ni Amẹ́bọ̀ wà.