Ọ̀mùtí Àná àti Àṣírí Ìjọba

Ní Ponyan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà Oòrùn Yàgbà, bíi ti gbogbo ilẹ̀ Òkun, ẹmu kì í ṣe àjèjì níbi ìgbéyàwó tàbí ìwúyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹni tí a ó fi àṣírí ìlú sí lọ́wọ́, ìbéèrè á yí padà: ṣé ọtí kì í tú ẹnu rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ti pẹ́. Ìtàn ìṣẹ̀dá Yorùbá sọ pé Ọbàtálá ni Olódùmarè kọ́kọ́ fa iṣẹ́ dídá ilé ayé lé lọ́wọ́. Ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Síbẹ̀, wọn kò lé Ọbàtálá dànù. Òun ni wọ́n fi ṣe alámọ̀ tó ń mọ ènìyàn. Títí di òní, èèwọ̀ ni ẹmu fún àwọn olùsìn rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà tó dé irú ibẹ̀. Ní 1953, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí àṣẹ 10450, tó ka ọtí àmujù mọ́ ìwà tó lè sọ òṣìṣẹ́ di ewu fún ààbò orílẹ̀-èdè. Ní 1970, òfin tí Sẹ́nétọ̀ Harold Hughes ti Iowa gbé kalẹ̀ sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí ọtí àtijọ́ nìkan fi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ du ẹnikẹ́ni. Hughes fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀mùtí kó tó jáwọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan CIA, FBI àti àwọn ipò ààbò mìíràn.

Ní 1989, Ààrẹ George Bush fa John Tower kalẹ̀ fún ipò mínísítà ètò ààbò. Ẹ̀sùn ọtí wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Tower jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé bí wọ́n bá gba òun wọlé, òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Àwọn sẹ́nétọ̀ 53 kọ̀ ọ́, 47 gbà á.

Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2017 ní orí 13. Ọtí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mímu ọtí wakọ̀ tàbí yíyó wá síbi iṣẹ́ lè ṣàkóbá fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́, tó gba ìtọ́jú, tí ìwà rẹ̀ sì ti fi hàn fún ìgbà pípẹ́ pé ó ti yí padà, lè rí àṣẹ náà gbà. Irọ́ pípa nínú fọ́ọ̀mù ní orí tirẹ̀, ó sì lè ba ohun tí ọtí kò bà jẹ́.

Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá ti di ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ń sá fún dókítà kí orúkọ rẹ̀ má baà wọ ìwé, ara rẹ̀ ló ń pa lára. Ìlérí ọ̀la ni Tower mú wá. Ẹ̀rí àná ni ìlànà òní ń béèrè.